Ohun tí Kíkẹ́ Fi Kún Ìtàn

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Presibitéríà tó wà ní yunifásítì lẹ́yìn ìlú Ṣakí kì í ka ìtàn ẹgbẹ́ náà látinú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ jáde ni í sọ ọ́ lórí ìdúró ní ọjọ́ àyájọ́, lójú gbogbo ìjọ. Alàgbà Olúsọjí ni í kọ́ ẹni náà ní ìtàn ọ̀hún, torí òun nìkan ni kì í kúrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa dé, wọ́n a sì máa lọ bí lékeléke, òun á wà níbẹ̀. Tí ẹni náà bá ti sọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ tán, yóò fi ohun kan ṣoṣo kún un, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Ìjọ á dìde, wọ́n á ní, "A gbà á sínú ìtàn." Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tó fi kún un kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Bí ìtàn náà ṣe ń gùn nìyẹn.

Lọ́dún tí ẹgbẹ́ náà pé ogún ọdún, Kíkẹ́ ló kàn. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ó sì ti mọ ohun tí yóò fi kún un tipẹ́. Fáànù ni. Nígbà tirẹ̀ ni wọ́n fi fáànù kọ́ òrùlé gbọ̀ngàn ìjọsìn, òun ló sì sáré sókè sáré sódò, tó pe àwọn tó ti jáde lórí fóònù títí wọ́n fi dá sí i. Ní Ṣakí, tí oòrùn bá mú, ẹni tó bá mú fáànù wá kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbàgbé.

Ọ̀sán ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹfà ni òun àti Alàgbà jókòó sábẹ́ igi emi, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Ọmọ Òkèhò ni Alàgbà Olúsọjí, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí i sí, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ iyẹ̀pẹ̀ wò. Emi tó pọ́n ń bọ́ sílẹ̀ yí wọn ká. Alàgbà ṣa ọ̀kan, ó fi ọwọ́ nù ún, ó jù ú sẹ́nu.

"Níbo la bá a dé?"

"Ibi tí wọ́n ti lé wa kúrò lábẹ́ igi yìí, sà."

"Wọn ò lé wa. Òjò ló lé wa. Má ba yunifásítì lórúkọ jẹ́."

Kíkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ. Olùkọ́ kan tó wá láti Ọ̀háfíà ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò mọ Presibitéríà ní Òkè-Ògùn nígbà náà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ò lè pe orúkọ náà, ó bá ń pè wọ́n ní "àwọn Pẹ̀sí". Abẹ́ igi emi ni olùkọ́ yìí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ti ń gbàdúrà, títí òjò fi dé. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ wá yá wọn ní ilé adìẹ kan tí wọn ò lò mọ́.

"Má gbàgbé ìyẹ́ adìẹ," Alàgbà sọ.

"Mi ò gbàgbé, sà. Tí a bá ń kọrin, ìyẹ́ á máa fò sókè, ẹni tó bá la ẹnu gbàgà á gbé e mì."

"Àwọn akọrin ohùn òkè ló gbé èyí tó pọ̀ jù mì. Ó yá, ìsàmì."

Ìsàmì ni ibi tó dùn jù nínú ìtàn náà. Obìnrin kan wà tó ń gbálẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin, Ifádùnní lorúkọ rẹ̀. Ilé abọ̀rìṣà ló ti wá, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró lẹ́yìn wíńdò ilé adìẹ náà gbọ́ orin wọn, títí ó fi wọlé lọ́jọ́ kan. Nígbà tó bímọ, ó ní kí wọ́n sàmì sí ọmọ náà lórí. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà sàmì fún. Àwọn Onítẹ̀bọmi wá wòran. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wo àwọn tó ń wọ́n omi sí ọmọ lórí bí ẹni ń wọ́n omi sí ẹ̀fọ́ tó fẹ́ rọ." Bí àlùfáà tí wọ́n pè wá ṣe ti ọwọ́ bọ omi, òjò bẹ̀rẹ̀, òrùlé ilé adìẹ sì jò sórí ọmọ náà gan-an. Àlùfáà ní, "Ẹni tó ni omi ti ṣe é fúnra rẹ̀."

Àlùfáà wá kọjú sí ìjọ, ó béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè níbi ìsàmì gbogbo. Ó ní, "Ẹ̀yin ìjọ, ṣé ẹ gba ọmọ yìí ní ọmọ yín? Ṣé ẹ ó dúró tì í, ẹ ó sì ràn án lọ́wọ́ títí yóò fi dàgbà?" Gbogbo wọn dìde, wọ́n ní, "A ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́." Ọmọ náà sín.

"Ibi tí gbogbo èèyàn ti máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn," Alàgbà sọ. "Dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn ìyẹn, gbọ̀ngàn tuntun ló kàn."

"Ọmọ náà wá ńkọ́, sà?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ tí òjò rọ̀ sí lórí."

Alàgbà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. Gbogbo àwọn tó ti kọ́ ní ìtàn yìí, ẹnìkan nínú wọn ò béèrè rí.

"Ìyá rẹ̀ ti kú," ó sọ. "Ọmọ náà ò tíì ju ẹni tó ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ nígbà yẹn. Bàbá ìyá rẹ̀ ló wá mú un, ọdẹ kan lọ́nà Ago-Amodu. Treasure ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́. Yóò ti di ọmọge báyìí." Ó fi awò náà padà sójú. "Ìwọ Kíkẹ́, o ṣeun tí o béèrè. Lọ wá a. Ó yẹ kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àyájọ́. Òun ni kó gé kéèkì."

Kíkẹ́ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó mọ Treasure.

Nínú oṣù kẹrin ọdún náà ni. Kíkẹ́ ń ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan dé, ó gbé àpò ọ̀rá lọ́wọ́, eruku sì ti bò ó ní ẹsẹ̀ dé orúnkún. Ó kí i dáadáa. Ó ní òun fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB nínú ọgbà yunifásítì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ibi tí òun ti wá jìn, òun sì ń wá ibi tí òun lè sùn mọ́jú. Ó ní Treasure lorúkọ òun. Ó ní, "Ìyá mi sọ fún mi pé tí nǹkan bá le, kí n wá sọ́dọ̀ yín. Wọ́n ní ẹ̀yin ni ẹbí mi níbí."

Ọ̀rọ̀ ẹbí yẹn ló bí Kíkẹ́ nínú. Kò tíì pẹ́ tí ẹnìkan wá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan. Ó wo ọmọbìnrin náà látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹbí wo? A ò mọ̀ ẹ́ rí. Ibí yìí kì í ṣe ilé àlejò." Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí àgbàlagbà kankan tí mo lè bá sọ̀rọ̀?" Kíkẹ́ ní kò sí. Alàgbà sì wà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, kò jìn ju ibi tí wọ́n lè ké pè é lọ. Ọmọbìnrin náà ní kò burú, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ó dúpẹ́. Èyí ni Kíkẹ́ ń rántí. Ó sì tún ń rántí pé nígbà tí òun dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, òun sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ òun bí àwàdà, òun sín ohùn ọmọbìnrin náà jẹ, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Kò sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ fún Alàgbà. Ó ń gbèrò láti sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kejì dé, ó rí Alàgbà lọ́ọ̀ọ́kán, ó yà sí ọ̀nà mìíràn.

*

Lọ́jọ́ Sátidé, Samsudeen ọlọ́kadà ló gbé Kíkẹ́ lọ. Ó mọ ọdẹ náà. Ó ní, "Ọdẹmúyìwá? Bàbá tó ń gbé abúlé Elémi? Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ẹran rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ní gbogbo Ago-Amodu. Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òògùn ìdánwò?"

"Mo fẹ́ rí ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, Treasure."

"Àjọkẹ́? Ẹ tètè sọ. Ọmọ yẹn ní làákàyè. Òun ló ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù fún gbogbo abúlé. Ó yẹ kó wọ yunifásítì yín lọ́dún yìí, wọ́n ní wọ́n dí i lọ́nà."

Ọ̀nà náà burú lẹ́yìn Ago-Amodu, òjò ti gbẹ́ ẹ, ọ̀kadà ń fò bí ẹtu. Wọ́n kọjá oko iṣu, wọ́n kọjá àwọn Fúlàní tó ń da màlúù, igi emi sì wà níbi gbogbo.

Wọ́n bá bàbá àgbàlagbà kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tún tàkúté ṣe. Kíkẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá."

"Wàá dàgbà. Ta nìyí? Ẹ̀wù rẹ mọ́ ju ti ẹni tó wá ra ẹran lọ."

"Láti yunifásítì ni mo ti wá, sà. Láti ẹgbẹ́ Presibitéríà."

Bàbá gbé tàkúté náà sílẹ̀. "Àwọn Pẹ̀sí," ó sọ. "Àwọn ẹbí wa." Kò rẹ́rìn-ín. "Jókòó, jókòó. Ẹbí kì í kúnlẹ̀ pẹ́ tó báyẹn. Samsu, ìwọ náà jókòó, o ti gba owó ọ̀kadà, kò sóhun tó ń lé ọ."

Samsudeen jókòó.

"Ṣé o rí i," Bàbá bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí ọmọ mi ń lọ bá yín, mi ò di í lọ́wọ́. Mo ní omi ni, kò burú, omi kì í pa ẹnu òrìṣà mọ́. Nígbà tó kú, mo wá gbé ọmọ rẹ̀. Àwa ọdẹ abúlé yìí la jọ tọ́ ọ. Ẹni tó bá pa ẹran á mú apá kan wá fún un. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ kan sí i létí pé ó ní ẹbí kan ní Ṣakí, ẹbí tó dìde dúró nítorí rẹ̀. Nígbà tí ìdánwò yẹn dé, mo ní kí n mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní rárá, òun ní ẹbí níbẹ̀. Ó lọ. Kí n tó mọ̀, ó ti padà dé. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n."

Kíkẹ́ ń wo ilẹ̀.

"Mo bi í, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Kò sọ fún mi. Ó ní òun ò wo ojú ẹni náà dáadáa."

"Tí ẹ bá rí ẹni náà ńkọ́, Bàbá?" Kíkẹ́ ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde.

Bàbá ronú sí i. "Ó kù sọ́wọ́ ẹni náà. Láàrin àwa ọdẹ, ẹnìkan lè yìnbọn nínú igbó kó rò pé ẹran ni, kó jẹ́ èèyàn ló bà. Ojú ń tan èèyàn. Tó bá pariwo, gbogbo wa á sáré wá, a ó jọ gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ náà wálé. A ò ní pa á. Ṣùgbọ́n tó bá dákẹ́, tó yọ́ gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé, ẹni yẹn la ń lépa."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Treasure yọ, ó ru agbọ̀n emi. Ó rí Kíkẹ́. Ó dúró, lẹ́yìn náà ó sọ agbọ̀n náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀ kí i bí ẹni ń kí àlejò.

"Àjọkẹ́," Bàbá pè é, "ọmọ Pẹ̀sí nìyí. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Rárá o, Bàbá. Mi ò rí wọn rí."

Kíkẹ́ la ẹnu. Ohun tó wá sọ ni pé ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ayẹyẹ, wọ́n sì fẹ́ kí Treasure wá gé kéèkì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde, ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé.

"Kéèkì," Bàbá sọ.

Samsudeen wo ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀.

"Emi ṣì kù lábẹ́ igi," Treasure sọ. "Àǹtí, ẹ bá mi ṣà á, ká jọ sọ̀rọ̀."

*

Wọ́n rìn títí ilé fi pòórá lẹ́yìn wọn kí Kíkẹ́ tó lè sọ̀rọ̀.

"Èmi ni."

"Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti ibi tí mo ti rí ẹ̀yìn orí yín."

"Kí ló dé tí o fi purọ́ fún Bàbá?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, Àǹtí? Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n pa á?"

Kíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa emi kí ojú rẹ̀ lè wà nílẹ̀. Treasure náà ń ṣà. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti Kíkẹ́ lọ, ó ń mú èyí tó dáa, ó ń fi èyí tí kòkòrò ti jẹ sílẹ̀.

"Kì í ṣe nítorí yín ni mo ṣe purọ́," ó sọ. "Tí Bàbá bá mọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí n dé ibẹ̀ mọ́. Mo sì fẹ́ lọ sí yunifásítì yẹn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́. Kò sí èyí tó sún mọ́ wa tó o."

"Ìdánwò náà ńkọ́?"

"Mi ò bá a. Mo padà wálé lọ́jọ́ tí ẹ lé mi. Mo gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ̀wọ̀n ọ̀kadà já kí a tó dé Ago-Amodu, mo fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ti géètì. Ẹ̀ṣọ́ ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ní kí n padà wá lọ́jọ́ ọjà."

Kíkẹ́ jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Treasure, foríjì mí." Treasure ń ṣa emi lọ.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá sùn sínú yàrá mi," Kíkẹ́ tún sọ.

"Níbo lẹ máa wà lọ́dún tó ń bọ̀?"

Kíkẹ́ rántí. Lọ́dún tó ń bọ̀, yóò ti di àgùnbánirọ̀ ní ibi tí ìjọba bá rán an lọ. "Màá fi ọ́ lé ẹnìkan lọ́wọ́," ó sọ.

"Kí lẹ máa sọ fún un? Pé ta ni mí?"

Ó ronú sí i. Tó bá sọ pé ọ̀rẹ́ òun ni, ẹni náà lè gbà á nítorí òun. Tí ẹni náà bá tún jáde ńkọ́? Òun gan-an ni wọn ì bá ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí fún kí ó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́. Gbogbo àwọn tó dìde lọ́jọ́ náà ti kó ẹrù wọn jáde, wọ́n gbé ìlérí náà sílẹ̀ bí ẹní tó ti gbó.

"Ìyá mi máa ń sọ ọjọ́ yẹn fún mi," Treasure sọ. "Wọ́n ní nígbà tí ẹ dìde, ariwo àga pọ̀ débi tí àwọn ò gbọ́ òjò mọ́. Ṣé ẹ ṣì ń ṣe é? Ṣé ẹ ṣì ń dìde?"

"A ń dìde. Nínú oṣù kejìlá, a dìde fún ọmọ Àyàndélé tó ń tọ́jú òdòdó ọgbà."

"Kí lorúkọ ọmọ náà?"

Kíkẹ́ ronú. Ó rántí fìlà funfun tí wọ́n dé fún ọmọ náà, ó rántí ìrẹsì tí wọ́n jẹ. Kò rántí orúkọ.

Treasure gbé agbọ̀n rẹ̀. "Màá wá lọ́jọ́ náà," ó sọ. "Bàbá náà á wá. Ṣùgbọ́n mi ò gé kéèkì fún ẹnikẹ́ni."

*

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Kíkẹ́ kò yà sí ọ̀nà mìíràn mọ́. Ó bá Alàgbà Olúsọjí láàárín àwọn ọ̀rá iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Alàgbà gbọ́ ọ dé òpin. Iyẹ̀pẹ̀ tó ń kù lọ́wọ́, ó fi asẹ́ náà sílẹ̀.

"Mo wà ní yàrá yìí lọ́jọ́ tó wá?"

"Ẹ wà níbí, sà."

"Èmi ńkọ́? Mo ti ń sọ ìtàn yẹn tipẹ́. Mo mọ ibi tí òrùlé ti jò, mi ò mọ ibi tí ọmọ wà. Òkèhò ni mò ń lọ ní gbogbo ìgbà, Ago-Amodu kò sì jìn."

"Ẹ yọ mí kúrò, sà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ìtàn náà."

"Rárá. O fẹ́ kí a nà ọ́ kí o lè rí oorun sùn. Mi ò ní nà ọ́."

"Kí ni kí n wá fi kún un?"

"Ìyẹn kù sí ọ lọ́wọ́. A kì í yan án fún ẹnikẹ́ni."

Ní ìta, Isaac, ààrẹ ẹgbẹ́, ń kun àga lọ́dà. Ó ké sí i. "Akọ̀wé wa, àwọn tó ra fáànù ti wà lọ́nà o. Ọ̀kan ń bọ̀ láti Àbújá. Pe orúkọ wọn ketekete, má jẹ́ kí wọ́n bá wa bínú. A ṣì máa fẹ́ ẹ̀rọ iná."

Kíkẹ́ ní òun gbọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ohun tó ń dà á láàmú kì í ṣe àwọn tó ra fáànù. Bàbá ni. Tó bá sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn, Bàbá á gbọ́ pé Kíkẹ́ ló lé ọmọ náà, á sì gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ purọ́ fún òun. Ó lè fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sílé, kí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì parí síbẹ̀. Tí kò bá sì sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ Treasure nígbà tó bá tún gbé àpò ọ̀rá rẹ̀ dé. Ó gbìyànjú láti rí ọ̀nà kẹta. Kò rí i.

*

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ àyájọ́. Bàbá Ọdẹmúyìwá wọ gbérí ọdẹ rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, Treasure wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ aláwọ̀ sánmà. Bàbá ń sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé, "Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi lẹ́nu géètì. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Mo ní ṣé wọn kì í jẹ ẹran níbẹ̀ ni?"

Nígbà tó kan Kíkẹ́, ó jáde síwájú. Ó sọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ láti Ọ̀háfíà. Ó sọ ti ẹ̀ṣọ́ àti "àwọn Pẹ̀sí", Bàbá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó sọ ti ìyẹ́ adìẹ, àwọn àgbà tó gbé e mì nígbà náà fi ọwọ́ na orúnkún wọn. Ó sọ ti Ifádùnní, ti òjò, ti ìlérí. Ọmọ náà sín. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ó dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán gẹ́gẹ́ bí Alàgbà ṣe kọ́ ọ. Ó sọ ti gbọ̀ngàn tuntun, ó sọ ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ fi kún un, títí ó fi dé ibi tirẹ̀.

Fáànù ń yí lókè. Isaac mi orí sí i pé kó máa bọ̀.

"Ohun tí mo fi kún un nìyí," Kíkẹ́ sọ. "Nínú oṣù kẹrin ọdún yìí, ọmọ náà wá. Ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. Ìdánwò ló fẹ́ ṣe, ibi tí yóò sùn ló ń wá. Ó sọ fún wa pé a jẹ́ ẹbí òun. Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní a ò mọ̀ ọ́n. Mo lé e, kò sì bá ìdánwò náà. Treasure lorúkọ rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀ ni ìdánwò mìíràn, mi ò sì ní sí níbí." Ó wo Bàbá lẹ́yìn lọ́hùn-ún. "Mo tún lọ sí ilé wọn, bàbá rẹ̀ sì béèrè ẹni tó lé e. Mo jókòó síwájú wọn, mo dákẹ́."

Ó tán. Ó yẹ kí wọ́n dìde kí wọ́n sì dáhùn. Ẹnikẹ́ni ò dìde. Ẹni tó wá láti Àbújá ń wo Isaac, Isaac ń wo fáànù. Ohun tó dún ni àga kan lẹ́yìn. Bàbá Ọdẹmúyìwá ti dìde. Ó wo Kíkẹ́, ó wo ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó jáde.

Treasure ò tẹ̀ lé e. Ó jókòó, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra lórí itan.

Alàgbà Olúsọjí ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "A gbà á sínú ìtàn." Ẹnìkan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn dìde, lẹ́yìn náà gbogbo wọn, ariwo àga sì gba gbogbo gbọ̀ngàn. Wọn ò sọ ọ́ papọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kálukú sọ ọ́ nígbà tí tirẹ̀ jáde. Kíkẹ́ rí Treasure tó gbé orí sókè, tó ń tẹ́tí sí ariwo náà.

Kí wọ́n tó jókòó, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan, Ìbídàpọ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, ti rìn dé ọ̀dọ̀ Treasure. Ó ní, "Ibùsùn mi gba èèyàn méjì, tí o ò bá ń tapá. Mo ṣì máa pẹ́ níbí."

"Mi ò ń tapá," Treasure sọ.

*

Abẹ́ igi emi ni Kíkẹ́ ti bá Bàbá. Kò tíì lọ. Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó ń fi ọ̀pá tú emi tó ti rà. Kíkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"O pariwo," Bàbá sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó pẹ́ kí o tó pariwo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọgbẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ọdún kan gbáko lò ń wò yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ sún emi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Jókòó. Kì í ṣe pé inú mi ti rọ̀ o. Orúnkún rẹ ni mò ń wò."

Kíkẹ́ jókòó sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Treasure jáde wá, ó mú kéèkì dání nínú bébà, ẹlòmíràn ló ti gé e. Ó fún Bàbá, ó sì jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, kí Bàbá lè wà láàárín òun àti Kíkẹ́. Bàbá tọ́ ọ wò, ó ní ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ń jẹ ẹ́ lọ.

"Àǹtí," Treasure pè é láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò wo ojú rẹ̀. "Dáníẹ́lì ni."

"Ta ni?"

"Ọmọ Àyàndélé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni. Ó ti ń rá."

"Dáníẹ́lì," Kíkẹ́ sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, kí ó má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.